Kíkọ́ ilé tuntun tí kò ní máa jẹ owó iná ní Pópó Àgùdà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ni mò ń ṣe. Àwọn tó ní ilẹ̀ tàbí ilé ogún ní Pópó Àgùdà, ìyẹn àdúgbò tó wà láàárín Campos, Bámgbóṣé, Tọ́kunbọ̀ àti Kakawa ní Erékùṣù Èkó, ló máa ń bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí. Òmíràn á ti ìlú òyìnbó pè mí lórí WhatsApp, á fi fọ́tò ilé bàbá bàbá rẹ̀ ránṣẹ́, á ní òun fẹ́ wó o kóun kọ́ tuntun. Mo kó ìdáhùn mi jọ síhìn-ín kí n lè sinmi àsọtúnsọ.

Kí ló sọ Pópó Àgùdà di ibi tí èèyàn ò kàn lè kọ́ ohun tó bá ṣáà ti wù ú sí?

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà, tí wọ́n ra ara wọn padà tàbí tí wọ́n gba òmìnira, bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Èkó láti nǹkan bí ọdún 1830 sókè. Àwọn la pè ní Àgùdà tàbí Amaro. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà dunjú, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni wọ́n sì fi yí ojú Èkó padà: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé gígùn olórí roboto, òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ ya sára ògiri. João Baptista da Costa tó jẹ́ ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, Sanusi Aka ló sì bá a ṣe é. Campos tí ẹ ń gbọ́ yẹn, orúkọ Hilario Campos tí ẹbí rẹ̀ ti Kúbà wá ni.

Ohun tó jẹ́ kí ojú wá là sí àdúgbò náà ni Ilojo Bar ní Tinúbú. Ẹbí Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n fi katapílà wó o lulẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé katapílà wọ àdúgbò yẹn, àwọn èèyàn á yọ fóònù.

Ṣé òfin gbà kí n kọ́ ilé tuntun níbẹ̀?

Ó gbà á, bí ilẹ̀ bá ṣófo, tàbí bí ilé tó wà lórí rẹ̀ kò bá sí lára èyí tí òfin ń dáàbò bò. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Èyí tó bá jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ọwọ́ àjọ NCMM tó ń bójú tó àwọn mùsíọ́mù àti ohun ìrántí ló wà. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí èèyàn wó o tàbí kó yí i padà láìgba àṣẹ wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin tirẹ̀ láti 2011 lórí àwọn ibi tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìdáàbòbò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọ̀dọ̀ LASPPPA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń fọwọ́ sí puláànù, kàn, kí LASBCA, àjọ tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́, sì máa wá yẹ iṣẹ́ wò ní ìpele kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ.

Ìmọ̀ràn kan tí mi ò rí i kó jáni kulẹ̀ rí: kí ẹ tó gbé puláànù lọ, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán yín ya gbogbo ojú òpópónà náà, ilé mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, kó wá fi tiyín sáàárín. Ọ̀sìn tó bá fẹ́ jáde láàárín agbo, ẹ ó rí i lórí ìwé kí ìjọba tó rí i.

Ẹ̀gbọ́n, ilé ẹbí ni. Èmi ni mo lówó lọ́wọ́. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má dán an wò. Owó yín kò sọ ilé ẹbí di tiyín. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Mo mọ ilé kan tí òpó rẹ̀ ti dúró láti bí ọdún mẹ́sàn-án, igi ọ̀pọ̀tọ́ ti hù nínú rẹ̀, nítorí àbúrò bàbá kan tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè.

Ṣé dandan ni kí ilé tuntun jọ ti Àgùdà, pẹ̀lú òpó àti òdòdó sìmẹ́ǹtì?

Rárá o. Ẹ bá mi fi òdòdó sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì márosẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ni àwọn ọ̀gá ìgbà náà fi ń gbẹ́ tiwọn, bí òdòdó ilé kan ṣe rí, ti ìkejì kì í rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí a rà lọ́jà á kàn jọ aṣọ ìyá tí ọmọdé wọ̀.

Ohun tí ojú ẹni tó ń kọjá ń mú gan-an kì í ṣe òdòdó. Ó ń mú bí ilé ṣe tò lórí ìlà kan náà létí òpópónà, bí wọ́n ṣe ga mọ, bí fèrèsé ṣe gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, bí etí òrùlé ṣe yọ síta. Bí ẹ bá bọ̀wọ̀ fún ìwọ̀nyí, ilé yín lè jẹ́ tòní pátápátá, kó má sì da àdúgbò rú. Ọpẹ́ ni pé àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ló ń mú ilé tutù. Ibi tí mò ń lọ nìyẹn nínú gbogbo ìdáhùn tó kù: ohun tí àdúgbò ń béèrè àti ohun tí owó iná ń béèrè, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń rìn, àyàfi níbi méjì. Mà á sọ ibi méjèèjì.

Kí ló ń mú ilé àtijọ́ yẹn tutù tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọn ò ní iná mànàmáná?

Ẹ wọ ọ̀kan níbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán kí ẹ sì dúró láìsọ̀rọ̀. Nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹ ó kíyè sí ni pé àjà jìnnà sí orí yín, ẹsẹ̀ bàtà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru a máa gòkè, òkè yẹn ló sì máa ń dúró sí, kì í ṣe lórí yín. Lókè ilẹ̀kùn, wọ́n dá ihò onígi sí i, kí ooru tó gòkè lè rí ibi gbà jáde. Láti ẹnu ọ̀nà iwájú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ tààrà dé ẹ̀yìnkùlé. Atẹ́gùn tó bá wọlé níwájú, ó ti mọ ibi tí yóò gbà jáde.

Fèrèsé ló wá jẹ́ ọba wọn. Pákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n tò ní ìdagẹ̀rẹ̀, tó dá oòrùn dúró, tó dá òjò dúró, tó sì jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Èèyàn lè tì í lóru, kó fi àgádágodo há a, kí atẹ́gùn ṣì máa wọlé. Ẹ bá mi wá gíláàsì tó lè ṣe ìyẹn.

Ooru Èkó yàtọ̀ sí ti Sókótó. Ní ọ̀hún, òru máa ń tutù, ògiri amọ̀ tó nípọn á fi tútù òru pamọ́ de ọ̀sán. Ní Èkó, òru gan-an ń móoru, afẹ́fẹ́ sì kún fún omi. Bí òógùn bá bọ́ lára ẹni, kì í gbẹ. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbẹ ẹ́ ni atẹ́gùn tó ń rìn. Ìdí nìyẹn tí ilé Èkó tó dára fi máa ń jọ agbọ̀n ju ìkòkò lọ.

Ìwọ̀-oòrùn ni iwájú ilẹ̀ mi kọjú sí, mi ò sì lè yí òpópónà padà. Ńkọ́?

Ìṣòro gidi ni. Èkó wà lókè ilà agbedeméjì ayé díẹ̀, nǹkan bíi digírì 6 ààbọ̀ sí àríwá, nítorí náà oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà ní àtàrí wa. Lóṣù kẹfà ó yẹ̀ sí àríwá, lóṣù kejìlá ó yẹ̀ sí gúúsù. Ògiri tó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, etí òrùlé lásán ti tó láti ṣíji bò ó. Ṣùgbọ́n oòrùn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ máa ń wá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó máa ń gba abẹ́ etí òrùlé wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ fi àtẹ̀gùn, ilé ìwẹ̀ àti ibi ìkẹ́rù sí apá ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ni kí oòrùn máa bá jà. Ẹ sún fèrèsé wọnú ògiri, ẹ fi bárándà kékeré síwájú yàrá òkè, ẹ gbé pákó oníhò sí i. Àwọn Àgùdà ṣe bẹ́ẹ̀, àjọ tó ń yẹ puláànù wò kò sì ní bá yín jà sí i. Iyàrá ìsùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn.

Ilẹ̀ mi kéré. Ṣé kí n fi àyè àgbàlá kọ́ yàrá méjì sí i?

Ìbéèrè tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyí, nítorí mo mọ ìdí tí ẹ fi béèrè. Yàrá kan ní Erékùṣù Èkó, owó ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn wọnú, ògiri aládùúgbò wà lọ́tùn-ún, tẹlòmíràn wà lósì, ẹ ò sì lè dá fèrèsé sí ìkankan nínú méjèèjì. Bí ẹ bá dí àgbàlá, gbogbo yàrá àárín á di àpótí. Láti ọjọ́ náà lọ ẹ ó máa tan gílóòbù lọ́sàn-án, ẹ ó máa tan ẹ̀rọ amúlétutù tọ̀sán-tòru, ẹ ó sì fi owó tí ayálégbé yàrá méjì yẹn ń san ra káàdì mítà.

Ihò òfurufú tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 láàárín ilé ti tó, bí ẹ bá jẹ́ kó ga dé òrùlé. Ẹ kùn ún ní funfun kí ìmọ́lẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ gbin nǹkan sínú rẹ̀, ẹ má fi táìlì bò ó tán. Ní Water House ní Kakawa, inú àgbàlá ni kànga wà, èyí tí João Esan da Rocha tó ti Bràsíl dé gbẹ́, tí wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún ará Èkó kí omi ẹ̀rọ tó dé. Ara ohun tó sọ ìdílé yẹn di ọlọ́rọ̀ nìyẹn, tí Candido ọmọ rẹ̀ fi di ẹni tí àwọn èèyàn ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe àpèjúwe owó títí dòní. Ẹni tó bá sọ pé àgbàlá kì í mówó wá, ẹ fi Kakawa hàn án.

Ṣé mo lè lo fèrèsé gíláàsì?

Ibi àkọ́kọ́ nínú méjì tí mo wí nìyí. Gíláàsì ńlá lójú òpópónà á ba ojú àdúgbò jẹ́, ó sì ń gba oòrùn wọlé tí kò ní jẹ́ kó jáde. Èyí tí gbogbo ayé ń lò báyìí, tí wọ́n ń fà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ìdajì rẹ̀ ṣoṣo ló lè ṣí láéláé. Ẹ sanwó fèrèsé kan, ẹ gba atẹ́gùn ìdajì.

Èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ni mo máa ń yà: gíláàsì nínú, pákó pẹlẹbẹ níta. Nígbà ọyẹ́ ẹ ó ti gíláàsì kí eruku má wọlé, nígbà tó kù ẹ ó ṣí i, ẹ ó fi pákó sílẹ̀. Igi tó le ni kí ẹ fi ṣe é, bí ìrókò tàbí ọpẹpẹ, kí káfíńtà tó mọ̀ ọ́n ṣe é. Wọn ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wà.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Àti olè?

Nẹ́ẹ̀tì máa ń dín atẹ́gùn kù gidigidi, pàápàá bí eruku bá ti dì í. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fèrèsé tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ, kí nẹ́ẹ̀tì ṣeé yọ fọ̀. Irin olè, ẹ fi sáàárín pákó àti gíláàsì, kó má hàn síta, kí ẹnì kan sì lè ṣí i láti inú bí iná bá sẹ́.

Ògiri amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù?

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, amọ̀ ni wọ́n, sìmẹ́ǹtì tàbí ẹfun ló bo ojú wọn. Fún ilé tuntun alájà méjì, búlọ́ọ̀kù ni àwọn bíríkìlà mọ̀ jù, mi ò sì ní bá yín jiyàn. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ tí kì í lọ sínú iná, ó dára púpọ̀ fún ògiri inú. Ẹ kùn ìta ní àwọ̀ tó mọ́lẹ̀: àwọ̀ ìyeyè tó ṣá, pupa rẹ́súrẹ́sú, funfun. Dúdú àti eérú tó wà lóde báyìí kò jọ àdúgbò náà, ó sì ń mu oòrùn bí ẹni mu omi. Yanrìn òkun, ẹ má jẹ́ kó dé ibi iṣẹ́ yín. Iyọ̀ inú rẹ̀ á jẹ irin láti inú wá.

Kí ni kí n ṣe sí òrùlé?

Bí owó yín bá tó fún ohun kan ṣoṣo, òrùlé ni kí ẹ ná an sí. Páànù dúdú lọ́sàn-án lè gbóná kọjá 60 °C, gbogbo rẹ̀ á sì máa sọ ooru sórí àjà. Nínú ilé alájà kan tàbí méjì, òkè ni ọ̀pọ̀ ooru ti ń wọlé, kì í ṣe ara ògiri.

Páànù alumíníọ̀mù tó nípọn ni kí ẹ lò, nítorí afẹ́fẹ́ iyọ̀ létí ọ̀sà máa ń jẹ irin. Kó jẹ́ aláwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Ẹ fi ihò sábẹ́ etí òrùlé àti sókè ní ṣóńṣó rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa la àárín páànù àti àjà kọjá. Ẹ wá tẹ́ fóòmù tàbí òwú ìdáàbòbò sórí àjà. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ilé tí kì í jẹná, tí wọ́n gbé jáde ní 2017, béèrè ìwọ̀n kan tó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 5 fóòmù. Ìlànà yẹn kan náà ló sọ pé fèrèsé kò gbọdọ̀ ju 20 nínú 100 ojú ògiri lọ, àyàfi bí ìbòòjì bá wà lórí rẹ̀. Ẹ rí i pé pákó pẹlẹbẹ tún ti gbà yín sílẹ̀.

Kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí omi ọ̀ṣọ̀rọ̀ má máa fọ ògiri.

Ṣé ẹ ń sọ pé kí n má lo ẹ̀rọ amúlétutù rárá ni?

Èmi náà ní ọ̀kan. Ibi kejì tí ìjà ti ń dé nìyí, nítorí àpótí rẹ̀ tó máa ń wà níta. Mo ti rí ilé Àgùdà tó rẹwà tí àpótí mẹ́fà so rọ̀ síwájú rẹ̀ bí eépá, tí omi ń kán sórí ẹni tó ń kọjá. Àgbàlá ẹ̀yìn tàbí orí òrùlé ibi tí ojú ò tó ni kí ẹ gbé e sí. Kí ẹ ti ya ọ̀nà páìpù rẹ̀ sínú puláànù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Fáànù òkè kan ń fa nǹkan bíi 70 watt. Ẹ̀rọ amúlétutù 1.5 hp ń fa nǹkan bíi 1,200 watt nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ìyẹn fáànù 17. Nítorí náà, ẹ yan yàrá ìsùn kan tàbí méjì tí ẹ fẹ́ máa fi ẹ̀rọ mú tutù, ẹ rẹ àjà wọn sílẹ̀ díẹ̀, kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn pa dé dáadáa. Yàrá yòókù, kí atẹ́gùn àti fáànù máa bójú tó wọn. Àṣìṣe tí mo ń rí ni ilé tí kò mọ èyí tó fẹ́ ṣe: fèrèsé rẹ̀ kéré jù fún atẹ́gùn, ó sì ń jò jù fún ẹ̀rọ.

Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n gbé sólà sórí òrùlé?

Ní London, wọ́n lè máa bá ẹni fa ọ̀rọ̀ náà, nítorí oòrùn ọ̀hún ń ti gúúsù wá, bí gúúsù bá sì jẹ́ ojú òpópónà, wàhálà dé. Àwa ò ní ìṣòro yẹn. Oòrùn wa wà ní àtàrí. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ òrùlé kò bá ga jù, apá tí sólà kọjú sí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ gbé e sí apá ẹ̀yìn tí ẹni tó wà nílẹ̀ kò lè rí, ẹ ò ní pàdánù púpọ̀.

Sólà 1 kW máa ń mú nǹkan bíi yúníìtì 3 sí 4 wá lójúmọ́ tí oòrùn bá ràn; ó máa ń dín kù gan-an lóṣù kẹfà àti keje. Ẹ kọ́kọ́ dín iná tí ilé ń jẹ kù, kí ẹ tó ra bátìrì. Ilé tí òrùlé rẹ̀ dára lè fi ìdajì bátìrì tí ilé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò gbé òru.

Jẹnẹrétọ̀ nínú àgbàlá ńkọ́?

Rárá. Gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí yóò jí ẹni tó ń sùn, ó sì ti pa odidi ìdílé. Àgbàlá tó ń fa atẹ́gùn wọ gbogbo yàrá ni ibi tó burú jù láti gbé e sí.

Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń kún fún omi. Kí ni kí n ṣe?

Omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ ní Erékùṣù. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹnjiníà tó ya ìpìlẹ̀, ẹ sì béèrè ohun tí ìpìlẹ̀ tuntun yóò ṣe sí ògiri aládùúgbò. Ògiri amọ̀ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kò fẹ́ ìmìtìtì. Ẹ gbé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ga ju òpópónà lọ ní àtẹ̀gùn méjì sí mẹ́ta, ẹ gbé mítà àti inverter lọ sókè. Omi òjò láti orí òrùlé, ẹ gbà á sínú táńkì fún ìfọṣọ àti ilé ìyàgbẹ́. Páǹpù á máa sinmi.

Ṣé ó máa wọ́n ju ilé lásán lọ?

Pákó fèrèsé àti òrùlé á wọ́n jù. Ẹ̀rọ amúlétutù, jẹnẹrétọ̀ ńlá àti gíláàsì ńlá tí ẹ ò rà á dín in kù. Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni àtúnṣe: ẹni tó kọ́lé tán kó tó rántí atẹ́gùn.

Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?

Ìpìlẹ̀ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, kí òjò tó dé. Ìyẹn ni pé kí ìwé àṣẹ ti wà lọ́wọ́ yín kí oṣù kọkànlá tó parí, kí ẹ sì ti sọ fún káfíńtà tipẹ́tipẹ́, nítorí igi fèrèsé gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó gé e. Èyí tó bá fi tútù ṣe, lóṣù kẹfà kò ní ṣeé tì.